Mo fi rẹ́sílìn sílẹ̀ láti 2014, mo fẹ́ padà: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Télọ̀ Àgbéni:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ mi lè pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn.

Nígbà tí Undertaker ń yí ojú sókè, tí Batista ń gbọn okùn ríǹgì bí ẹni tó fẹ́ já a, tí Rey Mysterio ń fò bí ológbò, èmi náà wà níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì la máa ń yá lọ́wọ́ ọkùnrin kan ládùúgbò wa, tí a bá sì pẹ́ dá a padà, ó di ìjà mìíràn. Lọ́dún 2014, ní WrestleMania 30, eré tó tóbi jù tí ilé iṣẹ́ WWE ti Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́dọọdún, Brock Lesnar dá Undertaker dùbúlẹ̀, rẹfirí kà á dé ẹ̀ta, wọ́n kọ 21-1 gàdàgbà sójú pátákó: ó ti borí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa nà án níbẹ̀ nìyẹn. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ní ó parí láàárín èmi àtàwọn.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Oṣù tó kọjá ló ti ilé ìwé dé tó ní, "Dádì, ọmọ Yorùbá kan wà nínú rẹ́sílìn tó ń gbé èèyàn bí àpò gààrí." Mo ní irọ́ ni. Ó gba fóònù mi, ó tẹ "Oba Femi", òótọ́ sì ni. Àtìgbà yẹn ló ti ń wù mí kí a jọ máa wò ó. Mo ra dátà gíìgì mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣí eré kan, ọkùnrin kan mú máìkì, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Orin dún, ẹlòmíràn jáde, òun náà gba máìkì. Ìpolówó ọjà dé. Kí ẹnikẹ́ni tó gbá ẹnikẹ́ni létí, dátà ti tán.

Ìbéèrè mi rèé: èwo ni kí n wò, èwo ni kí n fò? Àwọn wo ló kù níbẹ̀? Ìyá ọmọ náà sì ní kí n bi yín, ṣé kò ní máa gbé àbúrò rẹ̀ sọlẹ̀ nílé?

Ọmọ Ìdí-Àrẹ̀:

Ẹ káàbọ̀ padà, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n na Undertaker.

Ẹ má wo Raw tàbí SmackDown, eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ WWE, lódindi láé, àfi tí dátà yín kì í bá tán. WWE fúnra wọn máa ń gé ibi tó dùn sórí YouTube wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ ti mọ ohun tó ń lọ. Eré ńlá ni kí ẹ tọ́jú dátà dè.

Àwọn tí ẹ máa bá níbẹ̀: Cody Rhodes, Roman Reigns, Seth Rollins, Gunther, Jey Uso, CM Punk (bẹ́ẹ̀ ni, ó padà wá). Rey Mysterio yín ṣì wà, àmọ́ Dominik ọmọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó kọ bàbá rẹ̀ ní gbangba! Nígbà kan, kò ní tíì lanu tán tí àwọn èrò á ti máa hó lé e lórí. Ẹ máa bú u bí gbogbo wa ṣe ń bú u.

Tísà Àná:

Télọ̀, àbúrò mi, ohun tó ṣe ọ́ ti ṣe ọ̀pọ̀ wa rí. O wọlé nígbà tí ìtàn ti dé àárín, o wá ń retí ìjà. Àwọn èèyàn yìí, ìtàn ni ẹ̀kọ tí wọ́n ń tà, ìjà ni ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn. Nítorí náà, má tẹ̀lé eré. Mú ẹnì kan, kí o máa tẹ̀ lé e, àwọn tó kù á máa pàdé rẹ lọ́nà.

Tó bá jẹ́ èmi ni, Cody Rhodes ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Gbajúmọ̀ ni Dusty Rhodes, bàbá rẹ̀, lágbo ìjàkadì Amẹ́ríkà, àmọ́ ó kú lọ́dún 2015 láì gba bẹ́líìtì tó ga jù ní WWE. Ọmọ kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2016. Ó wà lára àwọn tó dá AEW, ilé iṣẹ́ rẹ́sílìn tó ń bá WWE díje, sílẹ̀ lọ́dún 2019. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2022, ó padà sí WWE, ó ní òun wá mú ohun tí bàbá òun kò rí mú.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí: Hell in a Cell, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, òun àti Seth Rollins nínú àgò onírin. Kí ìjà náà tó dé, iṣan àyà rẹ̀ apá ọ̀tún já níbi tó ti ń gbé irin. Wọ́n ti polówó ìjà, ó ní òun á jà á. Nígbà tó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo gbọ́ bí àwọn èrò ṣe mí kanlẹ̀. Láti àyà títí wọ apá, ara rẹ̀ ti pọ́n, ó dúdú, ó ní àwọ̀ bí omi aró tó ti ṣe ọjọ́ mẹ́ta nínú ìkòkò. Seth ń fi igi gún un níbẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Cody ló borí. Ìyàwó mi tí kì í wo rẹ́sílìn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìpọnṣẹ́ lọ́wọ́ títí ó fi parí, ọbẹ̀ sì jóná.

Lọ́dún 2023, ní WrestleMania 39, ó kù díẹ̀ kó na Roman Reigns, Solo Sikoa, mọ̀lẹ́bí Roman, yọ sí i, ó bà á jẹ́. Mo ju bàtà mọ́ ògiri. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí o lè fo WrestleMania 40, ní Philadelphia, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ìjà àṣekágbá ọjọ́ kejì nìkan ni kí o wò. Roman ti gbé bẹ́líìtì náà kọ́rùn fún ọjọ́ 1,316. Òfin kò sí nínú ìjà náà, ẹni bá wù ló lè wọlé. Wọ́n sì wọlé! Àwọn Uso, Solo, John Cena, The Rock. Ibi tí The Rock ti dúró láàárín ríǹgì bí ẹni tó ra ilé náà, iná kú pii. Agogo lù.

Mi ò ní sọ èyí tó kù. Ìwọ tó bínú kúrò lọ́dún 2014, ìwọ ni wọ́n lu agogo yẹn fún.

Ọmọ Ìdí-Àrẹ̀:

Tísà, ẹ ti sọ ọ́ tán, kí ló tún kù!

Alhájì Òkè-Àdó:

Ẹ̀yin àgbà ilé, ẹ ò sọ fún ọkùnrin yìí pé àdéhùn ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa wọlé láti ilé. Kí ló dé tí èèyàn á fi dátà wo ìjà tí wọ́n ti pín bí ogún?

Ọmọ Ìdí-Àrẹ̀:

Alhájì, ẹ̀yin tí ẹ ń nu omijé nídìí fíìmù lálẹ́ Friday, ṣé ọkọ obìnrin yẹn kú lóòótọ́ ni?

Tísà Àná:

Alhájì, ẹ ò parọ́. Ẹni tó máa borí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ tó máa fi ẹ̀yìn bà, ilẹ̀ gidi ni. Pákó ni wọ́n tò sórí irin, fóòmù tín-ín-rín lé e, wọ́n wá fi aṣọ kanfáàsì bò ó. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níléèwé wọn ni bí wọ́n ṣe ń ṣubú: kí àgbọ̀n lẹ̀ mọ́ àyà kí orí má baà lu ilẹ̀, kí ẹ̀yìn balẹ̀ pẹrẹsẹ, kí apá méjèèjì na ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí agbára ìṣubú náà lè pín káàkiri ara. Ariwo gbàà tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, apá kan rẹ̀ wá láti ibẹ̀.

Télọ̀, kọ́ ọmọ rẹ ní èyí náà: tí rẹfirí bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè tó fi wọ́n kọ́ra bíi lẹ́tà X, eré ti tán níbẹ̀, ẹnì kan ti fara pa lóòótọ́, dókítà ló ń pè. Mo ti rí i tí àwọn èrò ń hó yè, tí èmi nìkan nílé mi ti di orí mú.

Ẹni tó ń wo eégún mọ̀ pé èèyàn ló wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ ti gbọ́ tí wọ́n ní kó ṣí aṣọ kí àwọn rí i rí?

Alhájì Òkè-Àdó:

Ẹ̀sìn mi kò jẹ́ kí n wo eégún. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mò ń kà á.

Ìyá Oníbùrẹ́dì:

Télọ̀, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹ̀rín gbà. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àkọ́bí mi gbé àbúrò rẹ̀ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní Batista lòun. Fóòmù yọ̀, ọmọ fi ọwọ́ ṣubú sí ilẹ̀ gbalasa. Egungun ọrùn ọwọ́ sán. Nílé ìwòsàn tí a sáré gbé e lọ, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ san owó káàdì, ọmọ ń ké, èmi ń wá ṣéńjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gbé POP kọ́rùn.

Mi ò ní kí wọ́n má wo rẹ́sílìn mọ́. Tí mo bá ní kí wọ́n má wò ó, ilé aládùúgbò ni wọ́n á ti lọ wò ó. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pe àwọn méjèèjì jókòó, mo sọ ìtàn Big E fún wọn. Géńdé ọkùnrin, igbá àyà bí ilẹ̀kùn, ó ti gba bẹ́líìtì WWE rí, ó ti ń ṣubú fún owó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn níta ríǹgì, orí ló fi balẹ̀. Ọrùn ṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Olúwa, ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tíì padà jà láti ọjọ́ náà. Mo bi wọ́n pé, "Ẹni tí wọ́n kọ́ nìyẹn o. Ta ló kọ́ ẹ̀yin?"

Òfin ilé mi báyìí: ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ìrọ̀rí nìkan ni wọ́n lè bá jà. Wọ́n ti na ìrọ̀rí mi méjì já, mi ò bínú.

Akọ̀wé Ọ̀rẹ̀mẹ́jì:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ Oba Femi, nítorí òun lọmọ béèrè.

Isaac Odugbesan ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Èkó ló ti wá. Orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Odu, ẹ mọ ibi tó pọ̀ sí, mi ò ní wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin róbótó tí wọ́n ń jù nínú ìdíje eré ìdárayá ló gbé e dé Yunifásítì Alabama. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, WWE mú un mọ́ ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ àwọn eléré ìdárayá yunifásítì tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa tó bá fẹ́ sọ èèyàn. Bó ṣe ń kó agbára jọ láti orúnkún, tó ń gbà á gba ìbàdí dé èjìká, ọwọ́ ajùrin ni. Á sọ èèyàn sókè, á gbá a mú lófuurufú, á wá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu ilẹ̀. Fall from Grace ni wọ́n ń pè é.

Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí, ẹ̀gbọ́n. Oṣù Kìíní ọdún 2024, ó gba bẹ́líìtì North American ti NXT (eré tí WWE fi ń tọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀) lọ́wọ́ Dragon Lee. Ó gbé e fún ọjọ́ 273, kò sí ẹni tó gbé e pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2025, ó gba bẹ́líìtì NXT fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ Trick Williams, Eddy Thorpe wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Oṣù Kẹsàn-án, Ricky Saints gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, ó gbà á padà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó dúró níwájú Cody Rhodes ní Washington, Drew McIntyre wá ba ìjà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ wo ìyẹn nítorí ibi kan ṣoṣo: ibi tí àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ wo ara wọn lójú. Cody, àkítọ̀ gbogbo ilé iṣẹ́ náà, ló ní láti gbé orí sókè wo ọmọ Èkó.

Eré NXT kì í gùn tó Raw. Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ dáa.

Ohun kan ló ń dùn mí. Orúkọ náà! Wọ́n ń pè é ní The Ruler, bí ẹni pé Fẹ́mi ló jọba. Ọbáfẹ́mi ni tiwa, ọba ló fẹ́ràn mi. Ẹni tí ọba fẹ́ àti ọba, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ọmọ Ìdí-Àrẹ̀:

Akọ̀wé, ẹ lọ sọ fún un lójú rẹ̀. Ọ̀nà ilé ìwòsàn kò jìn.

Ọmọ Agége:

Ẹ jẹ́ kó pe ara rẹ̀ ní ohun tó bá wù ú, àwa tí a ti rí ti Apollo Crews, ọpẹ́ là ń dú. Ṣé ẹ rántí? Ọmọ Tiv ni àwọn òbí rẹ̀, Sacramento ni wọ́n ti bí i, ó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà fún wa láti ọdún pípẹ́. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 2021, ó jí, ó di ọmọ ọba Nàìjíríà, ó mú ọ̀kọ̀ dání, ohùn rẹ̀ yí padà! Láti Badagry dé Maiduguri, mi ò mọ ẹ̀yà tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní WrestleMania 37, wọ́n ní òun àti Big E máa ja "ìjà ìlù Nàìjíríà". Wọ́n gbé ìlù sí etí ríǹgì. Mo dúró, mo dúró, kò sẹ́ni tó lu ìlù tí ẹsẹ̀ lè gbà. Géńdé kan tí wọ́n pè ní Commander Azeez ló wá ràn án lọ́wọ́ tó fi gba bẹ́líìtì. Bàbátúndé ni orúkọ ẹni yẹn nílé, Poland ni wọ́n ti bí i. Mo rẹ́rìn-ín títí, ojú sì ń tì mí.

Omos náà ńkọ́? Jordan Omogbehin, Èkó ni wọ́n bí i sí, ó ga ju férémù ilẹ̀kùn wa lọ. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n ja ìjà ìlù, òun àti AJ Styles gba bẹ́líìtì oníméjì, ti àwọn tó ń jà ní méjì-méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kàn ń gbé e síta bí ère. Lashley nà án lọ́dún 2022, Lesnar nà án lọ́dún 2023. Japan ni mo ti wá rí i tó ń jà bí ẹni tí wọ́n fún láyè: ọjọ́ kìíní ọdún 2025, òun àti Jack Morris gba bẹ́líìtì oníméjì ti Pro Wrestling Noah. Ẹ wá a, ẹ máa mọ̀ pé àwọn tó ń kọ eré fún un ní Amẹ́ríkà ló jẹ̀bi.

Nítorí náà, Akọ̀wé, tí Fẹ́mi bá ní òun lọba, kábíyèsí o.

Ará Peckham:

Ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ aago ni tèmi. WrestleMania 41 bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Las Vegas. Agogo méjìlá òru nìyẹn ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wa ní London, nítorí aago wa máa ń bá ara mu lásìkò yẹn. Ẹ má bá wọn jí, Télọ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo sùn lọ lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì láàárọ̀, mo bá ara mi ní gáréèjì bọ́ọ̀sì. Ẹ sùn, kí ẹ wò ó láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí Facebook kí ẹ tó wò ó, nítorí ọmọ aráyé kò lè pa ẹnu mọ́.

Tísà, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa Cody, àmọ́ ẹ ti gbàgbé ilé Roman. Mo wà ní gbọ̀ngàn O2 ní London ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2023 nígbà tí Jey Uso ka Roman, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, dé ẹ̀ta. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019, kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Ọkùnrin Jàmáíkà kan tí mi ò mọ̀ rí gbá mi mọ́ra, bíà rẹ̀ dà sí mi lára. Ẹ fi ìyẹn kún un kí ẹ tó dé Philadelphia.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tì yín mọ́ WWE nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ ìjà tó jẹ́ ìjà, ẹ wo AEW All In ti ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, ní Texas, Hangman Page àti Jon Moxley. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ o. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti sùn.

Ọmọ Ìdí-Àrẹ̀:

WrestleMania 41 ńkọ́, Tísà? Ẹ ò tíì sọ ọ́. Fún èmi, ibi tí Jey Uso ti mú kí Gunther gbá ilẹ̀, ìyẹn ni pé kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ló dùn jù. Gbogbo pápá ń ju ọwọ́ sókè sódò!

Tísà Àná:

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ju ọwọ́. Ìjà náà ni mi ò rí. Kò sì pé oṣù méjì tí Gunther fi gba nǹkan rẹ̀ padà.

Télọ̀, ọ̀rọ̀ WrestleMania 41 nìyí. Kí o tó dé ibẹ̀, wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn nínú Elimination Chamber, Toronto, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2025. John Cena tó ti jẹ́ ọmọ dáadáa fún ogún ọdún gbá Cody mọ́ra. Lórí èjìká Cody, ojú òun àti The Rock ṣe mẹ́rin. The Rock fi àtàǹpàkò fa ọ̀fun. Ojú Cena yí padà, kò ní ẹ̀rín mọ́, kò ní ìbínú, ó dà bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ó bá ta Cody nípàá sí abẹ́. Èmi tí mo ti ń wo ǹkan yìí láti ìgbà Power Mike, mo dìde nílẹ̀.

Kí ni wọ́n wá fi ṣe? Ní Las Vegas, lóṣù Kẹrin, The Rock kò yọjú rárá. Olórin kan, Travis Scott, ló wọlé wá dá sí i, ìjà náà ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lọ san gbèsè. Cena gba bẹ́líìtì ẹlẹ́ẹ̀kẹtàdínlógún rẹ̀, ó kọjá Ric Flair, mo sì ń ya oorun. Fò ó. Nínú ọjọ́ méjèèjì, ohun méjì ni kí o wò: Iyo Sky, Rhea Ripley àti Bianca Belair, tó dùn ju gbogbo ti àwọn ọkùnrin lọ lójú tèmi, àti Roman, Punk pẹ̀lú Rollins, níbi tí Paul Heyman, agbẹnusọ Roman, ti da ọ̀rẹ́ méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìjà Cena àti Cody tí wọ́n jẹ wá ní gbèsè, New Jersey ni wọ́n ti san án, ní SummerSlam, ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ. Ìyẹn dára gan-an. Ẹni tó yọ lẹ́yìn ìjà náà, o mọ̀ ọ́n. Òun ló mú kí o pa tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́sí.

Ará Peckham:

Àti ìjà ìkẹyìn Cena, ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, pẹ̀lú Gunther.

Tísà Àná:

Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2002 tó ti wọlé, ọ̀rọ̀ tó kọ sára aṣọ ni pé má ṣe jọ̀wọ́ ara rẹ láé. Wọ́n wá ní kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ sílé. Àwọn èrò hó lé Triple H, ọ̀gá tó ń ṣètò eré WWE, lórí, èmi náà hó láti ibùsùn mi.

Ará Peckham:

Ẹ má bínú, Tísà, èmi gbà pé ó tọ́. Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ gbé nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tó kù. Undertaker tí ìbínú gbé Télọ̀ kúrò nítorí rẹ̀, ohun kan náà ló ṣe.

Télọ̀ Àgbéni:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lórí irin, ilẹ̀ ni fóòmù wà báyìí. Ìyá Oníbùrẹ́dì, ìyàwó mi ní kí n kí yín, ó ní ìrọ̀rí mélòó lẹ rò pé ó máa tó fún oṣù kan?

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Oba Femi bí Akọ̀wé ṣe wí. Ọmọ kò dákẹ́ láti ọjọ́ náà. Mo wo àyà Cody. Mo wo Philadelphia lóru Tuesday, èmi nìkan, mo fi etí sí fóònù kí n má jí ilé. Nígbà tí agogo yẹn lù, mo fi ìgbọ̀nwọ́ lu ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń dùn mí di ìsinsìnyí.

Lánàá ni a wo ti Cena. Mo ti kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ọmọ pé ọkùnrin yìí kì í gbà, pé láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ ni kì í ti í gbà. Gunther di apá mọ́ ọn lọ́rùn, ó jáwọ́, ó tún dì í. Cena ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbá ilẹ̀. Ọmọ mi wo fóònù, ó wò mí, ó ní, "Dádì, ṣé ẹni tí ẹ ní kì í gbà nìyí?"

Mo ní agogo mẹ́sàn-án ti lù, kó lọ sùn.